ÌTÀN BỌ́Ọ̀SÌ KAN TÍ Ó ṢIṢẸ́ NÍ ÌLÚ MONTGOMERY

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé nínú ìwé ìrántí ìjọ ni a ti ńsọ ìtàn ọkọ̀ akérò. Ṣùgbọ́n ẹnití ó bá kà á dé ìdajì yíò rí i pé ọkọ̀ yìí ní í ṣe pẹ̀lú ilé Ọlọ́run, pẹ̀lú igbá ọrẹ, pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ àti àwọn àlùfáà, ju bí ọ̀pọ̀ ilé tí a fi òkúta kọ́ ti ní í ṣe pẹ̀lú wọn lọ. Ọkọ̀ náà wà títí di òní. A lè wọ inú rẹ̀, a sì lè jókòó.

Nọ́ńbà tí a kọ sí i lára ni 2857. Ilé iṣẹ́ General Motors ni ó ṣe é li ọdún 1948 ní ìlú Pontiac, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà. Orúkọ tí àwọn tí ó ṣe é fún irú rẹ̀ ni TDH-3610. T ńtọ́ka sí ọkọ̀ akérò ìgboro. D ńtọ́ka sí ẹ́ńjìnì tí ńmu epo dísẹ́ẹ̀lì. H ńtọ́ka sí jíà tí agbára òróró ńyí padà, tí awakọ̀ kò ní í máa fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ìgbà tí ó bá dúró gbé èrò. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnì náà wà. Nọ́ńbà 36 sì ni iye ìjókòó inú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sí ọkàn, nítorí ìjà tí mo fẹ́ ròhìn rẹ̀ jẹ́ ìjà lórí bí a ti pín ìjókòó 36.

Ẹgbẹ́ oníṣòwò kan tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Chicago, tí a ńpè ní National City Lines, ni ó ni ọkọ̀ náà. Ìlú Terre Haute ní ìpínlẹ̀ Indiana ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Li ọdún 1954 a mú un wá sí Montgomery, olú ìlú ìpínlẹ̀ Alabama, níbití ẹgbẹ́ náà ti ńgbé èrò lábẹ́ orúkọ Montgomery City Lines. Bí kò bá kúrò ní Indiana ni, kì bá tí sí ẹnití yíò bèèrè rẹ̀ lónìí.

Alabama wà ní ìhà gúsù Amẹ́ríkà, níbití a ti ńra àwọn bàbá ńlá àwọn ènìà dúdú tí a sì ńtà wọ́n bí ẹrù ọjà. Oko ẹrú parí li ọdún 1865, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ibẹ̀ ṣe òfin lé òfin tí ó ya dúdú kúrò lára funfun ní ilé ìwé, ní ilé ìjẹun, ní ibi omi mímu, àní títí dé itẹ́ òkú. Nínú bọ́ọ̀sì, ìjókòó 10 tí ó wà níwájú jẹ́ ti òyìnbó nìkan. Ìjókòó 10 tí ó wà lẹ́yìn ni ti àwọn ènìà dúdú. Ìjókòó 16 tí ó wà láàárín wà lọ́wọ́ awakọ̀. Bí òyìnbó bá pọ̀ sí i, awakọ̀ a lé àwọn ènìà dúdú dìde. Bí òyìnbó kankan kò tilẹ̀ sí nínú ọkọ̀, ìjókòó 10 iwájú yíò ṣófo, nígbàtí ìyá àgbà tí ó gbé ẹrù lọ́wọ́ yíò dúró tì wọ́n, tí yíò máa fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún. Àwọn awakọ̀ kan a tún gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ènìà dúdú ní ẹnu ọ̀nà iwájú, nwọn a sì ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó lọ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé; nígbà mìíràn ọkọ̀ a ti lọ kí ó tó dé ẹ̀yìn. Ó sì yẹ kí a mọ̀ pé nínú èrò mẹ́rin tí ńwọ bọ́ọ̀sì ìlú náà, bí mẹ́ta ni ó jẹ́ ènìà dúdú. Owó wọn ni ó ńbọ́ ọkọ̀.

Nínú òfin tí ìlú náà ṣe li ọdún 1900, a kọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni kúrò ní ìjókòó rẹ̀ bí kò bá sí ìjókòó mìíràn tí ó ṣófo. Àṣà awakọ̀ ni ó gbé òfin mì. Li ọdún 1900 yẹn kan náà, àwọn ènìà dúdú Montgomery ti kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro nítorí ìyàsọ́tọ̀ yìí, nwọ́n sì ńfi ẹsẹ̀ rìn. Èyí ni mo fi ńwí pé ohun tí àwọn ọmọ wọn ṣe ní 55 ọdún lẹ́yìn náà kì í ṣe àjèjì nínú ìdílé wọn.

Li ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1955, nígbàtí ilẹ̀ ńṣú, Ìyáàfin Rosa Parks wọ bọ́ọ̀sì ọ̀nà Cleveland Avenue ní Court Square. Ẹni ọdún 42 ni, ó ńṣiṣẹ́ aránṣọ ní ilé ìtajà ńlá tí a ńpè ní Montgomery Fair. Ọmọ ìjọ African Methodist Episcopal ni, a sì mọ̀ ọ́n ní ìlú gẹ́gẹ́bí akọ̀wé ẹgbẹ́ N.A.A.C.P. tí ńjà fún ẹ̀tọ́ ènìà dúdú. Mo fi èyí sí i nítorí ìtàn tí a máa ńsọ fún àwọn ọmọdé, pé àárẹ̀ ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó dìde. Òun tìkárarẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí li ẹ̀yìn ọ̀la. Ó ní kò rẹ òun ju bí ó ti ńrẹ òun lójoojúmọ́ lọ, bí kò ṣe pé ìtẹríba fún ìyànjẹ ni ó sú òun. Ó jókòó ní àárín ọkọ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó àwọn òyìnbó. Kò wo ojú awakọ̀ kí ó tó wọlé. Ọ̀gbẹ́ni James Blake ni, ẹni náà tí ó lé e sọ̀ kalẹ̀ li ọdún 1943 nítorí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, tí ó sì ti pinnu pé òun kì yíò wọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ní ibi ìdúró kẹta, níwájú ilé sinimá Empire, àwọn òyìnbó wọlé, ìjókòó iwájú sì kún. Ọkùnrin òyìnbó kanṣoṣo ni ó kù lórí ìdúró. Nítorí ọkùnrin kan yìí, Blake ní kí àwọn ènìà dúdú mẹ́rin tí ó wà ní ìlà kan náà dìde, nítorí àṣà kò gbà kí dúdú àti funfun jókòó ní ìlà kan. Obìnrin méjì ní òdì kejì dìde. Ọkùnrin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dìde. Ìyáàfin Parks yẹ̀ fún un kí ó kọjá, ó sì sún sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà. Awakọ̀ bi í bóyá yíò dìde. Ó ní òun kì yíò dìde. Ó ní òun yíò pe ọlọ́pàá. Ó ní kí ó pè wọ́n. Kò sí ariwo, kò sí ìjà ọwọ́. Àwọn ọlọ́pàá méjì dé, nwọ́n sì mú un lọ.

Ọ̀gbẹ́ni E. D. Nixon, ọkùnrin tí ó ti pẹ́ nínú ìjà ẹ̀tọ́ ní ìlú náà, lọ gba onídùúró rẹ̀ pẹ̀lú agbẹjọ́rò òyìnbó kan, Clifford Durr. Li òru ọjọ́ náà, Ìyáàfin Jo Ann Robinson, olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ènìà dúdú, kò sùn. Ó fi ẹ̀rọ ilé ìwé tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé pélébé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ bọ́ọ̀sì li ọjọ́ ajé. Li ọjọ́ ajé náà, ọjọ́ karùn-ún oṣù, a dá Ìyáàfin Parks lẹ́bi, a sì bù ú ní ìtanràn dọ́là 10 pẹ̀lú owó kọ́ọ̀tù dọ́là 4. Àwọn bọ́ọ̀sì sì ńkọjá lófo. Li alẹ́, ilé ìsìn Holt Street Baptist kún dé ìta. Àlùfáà tí nwọ́n yàn ṣe olórí ni Martin Luther King, ẹni ọdún 26, tí kò tíì pẹ́ ní ìlú. Ọjọ́ kan ni nwọ́n kọ́kọ́ rò. Ó di ọjọ́ 381.

Bí ohun irin bá lè sọ̀rọ̀, bọ́ọ̀sì 2857 ì bá sọ fún wa ohun tí ojú ọkọ̀ rí ní àkókò yìí. Àwọn bọ́ọ̀sì ńyí ìlú ká pẹ̀lú awakọ̀ àti òyìnbó díẹ̀. Ẹgbẹ́ oníbọ́ọ̀sì dín ọ̀nà kù, nwọ́n sì fi kún owó ọkọ̀, láti sẹ́ntì 10 sí 15, síbẹ̀ òfò ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin onígbàgbọ́ fi ojú sí ni bí àwọn ènìà dúdú ti ńdé ibi iṣẹ́. Onítakisí tiwọn gbé wọn ní sẹ́ntì 10 títí àwọn aláṣẹ fi sọ pé takisí kankan kò gbọdọ̀ gbà kéré sí sẹ́ntì 45. Nígbànáà ni àwọn tí ó ní mọ́tò fi mọ́tò wọn sílẹ̀. Àwọn ìjọ fi owó ọrẹ ra mọ́tò ńláńlá, nwọ́n kọ orúkọ ìjọ sí wọn lára, nwọ́n sì fi wọ́n gbé èrò. Nígbàtí àwọn tí ńgba owó ìbánigbófò ní Alabama kọ̀ wọ́n sílẹ̀, Lloyd's ti London ni ó gbà wọ́n. Àwọn tí kò rí mọ́tò wọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn, nínú òtútù àti nínú òjò, àwọn alágbàfọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ obìnrin kan tí a kì í sábà rántí. Ìyáàfin Georgia Gilmore, alásè, kó àwọn obìnrin jọ, nwọ́n ńdín adìẹ, nwọ́n ńyan kéèkì àti páì, nwọ́n ńtà á fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́, dúdú àti funfun, nwọ́n sì ńgbé owó rẹ̀ wá sí ìpàdé nínú ilé ìsìn. Orúkọ tí ó sọ ẹgbẹ́ náà túmọ̀ sí Ẹgbẹ́ Tí Kò Ti Ibìkan Wá, kí ó má baà sí ẹnití a lè dá mọ̀ kí a sì lé kúrò li ẹnu iṣẹ́. Òun tìkárarẹ̀ pàdánù iṣẹ́ tirẹ̀. Ó sì di ẹnití ńta oúnjẹ nínú ilé ara rẹ̀, tí àwọn àlùfáà àti agbẹjọ́rò ńwá jẹun níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin wa tí ẹ ti fi owó àkàrà àti ẹ̀kọ kọ́ ilé Ọlọ́run, ẹ ó mọ irú ẹni tí mo ńwí.

Inúnibíni kò pẹ́ kí ó tó dé. A ju bọ́ǹbù sí ilé Àlùfáà King li ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1956, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ilé, Ọlọ́run sì yọ wọ́n. Li ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà a jù ú sí ti Nixon. Ìyáàfin Parks pàdánù iṣẹ́ aránṣọ rẹ̀. Ní oṣù kejì, a fi ẹ̀sùn kan àwọn ènìà tí ó lé ní 80, ọ̀pọ̀ àlùfáà nínú wọn, lábẹ́ òfin ọdún 1921 tí ó lòdì sí irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Àwòrán Ìyáàfin Parks tí ọlọ́pàá ńtẹ ìka rẹ̀, tí gbogbo aiyé mọ̀, oṣù kejì yìí ni a yà á. Kì í ṣe li alẹ́ ọjọ́ bọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́bí ọ̀pọ̀ ìwé ti ńtẹ̀ ẹ́.

Ẹjọ́ tí ó ṣẹ́gun kì í ṣe ẹjọ́ Ìyáàfin Parks. Obìnrin mẹ́rin mìíràn ni ó pè é: Aurelia Browder, Susie McDonald, Mary Louise Smith, àti Claudette Colvin, ọmọ ilé ìwé tí ó jẹ́ ẹni ọdún 15 nígbàtí a mú un nínú bọ́ọ̀sì ní oṣù kẹta ọdún 1955, oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú Ìyáàfin Parks. Li èrò tèmi, ìtàn kò tíì fún àwọn mẹ́rin yìí ní ìpín wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1956 ẹgbẹ́ oníbọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti fẹ́ fi ìyàsọ́tọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìlú lọ gba àṣẹ kọ́ọ̀tù láti dá wọn lẹ́kun. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, àwọn adájọ́ mẹ́ta jókòó; méjì sí ọ̀kan ni nwọ́n fi dá a pé ìyàsọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lòdì sí òfin Amẹ́ríkà. Ìlú pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Li ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá, Àlùfáà King wà ní kọ́ọ̀tù ní Montgomery, níbití ìlú ti ńtọrọ àṣẹ láti fi òpin sí mọ́tò àwọn ìjọ, nígbàtí oníròhìn kan ki ìwé kékeré bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti fi ọwọ́ sí ìdájọ́ àwọn méjì náà. Àṣẹ dé ìlú li ọjọ́ 20 oṣù kejìlá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ènìà dúdú wọ bọ́ọ̀sì, nwọ́n san owó, nwọ́n sì jókòó síbi tí ó wù wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, a ńyìnbọn lu bọ́ọ̀sì li òru, ìbọn sì bá obìnrin aláboyún kan ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Li ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1957, bọ́ǹbù bú ní ilé ìsìn mẹ́rin: Bell Street, Hutchinson Street, First Baptist àti Mount Olive. A jù ú pẹ̀lú sí ilé Àlùfáà Abernathy, àti sí ilé Àlùfáà Robert Graetz, òyìnbó tí ńṣe olùṣọ́ àgùntàn ìjọ Lutheran àwọn ènìà dúdú, ẹnití ó ti ńfi mọ́tò ara rẹ̀ gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Ní ọdún náà Ìyáàfin Parks àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Detroit, nítorí iṣẹ́ kò sí fún wọn mọ́ ní Montgomery.

Ọkọ̀ wa kò kó lọ síbì kankan. Ó ńbá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ńgbé èrò sókè ó ńsọ̀ wọ́n kalẹ̀, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀ tí ó yà á sọ́tọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí i, a yọ ọ́ kúrò li ẹnu iṣẹ́. Ọkùnrin ará Montgomery kan rà á, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sì sọ fún un pé ọkọ̀ Rosa Parks ni. Ó gbé e lọ sí pápá kan, ó sì sọ ọ́ di ibi ìkó pákó àti irinṣẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà fún bí ọgbọ̀n ọdún, nínú òjò àti oòrùn Alabama, tí ìpẹtà ńjẹ ẹ́, tí fèrèsé rẹ̀ ńfọ́, títí ẹnití ó rà á fi kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì jogún rẹ̀.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé òun ni? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ńkọ ìtàn kọ́kọ́ bèèrè. Ìwé tí àwọn ọlọ́pàá kọ li alẹ́ ọjọ́ náà dárúkọ awakọ̀, ó sọ ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n kò kọ nọ́ńbà ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ìdílé náà ní. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ní ibùdó bọ́ọ̀sì Montgomery nígbà ìjà náà ti ńgé ìròhìn inú ìwé ìròhìn, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ńlẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé kan. Ní ẹ̀gbẹ́ ìròhìn Ìyáàfin Parks, ó fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà 2857, àti orúkọ Blake. A gbé ìwé náà fún ẹnití iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí ìkọ̀wé, ó sì jẹ́rìí pé kì í ṣe ayédèrú. Ẹ̀yin àlùfáà àti akọ̀wé ìjọ tí ẹ ńtọ́jú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó, ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé ìlà kan tí a kọ sí etí ìwé láìrò pé ẹnikẹ́ni yíò kà á, ó sàn ju ọ̀rọ̀ gígùn tí a kọ fún ìyìn lọ. Èmi gbà á ní ẹ̀rí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2001 a ta bọ́ọ̀sì náà ní gbàǹjo. Dọ́là 50,000 ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ Smithsonian fẹ́ ẹ, ìlú Denver fẹ́ ẹ. Ilé Henry Ford ní Dearborn, tí ó súnmọ́ Detroit, ni ó rà á, ní dọ́là 492,000. Bọ́ọ̀sì náà tọ Ìyáàfin Parks lọ sí ìhà ibití ó ńgbé, nígbàtí ó jẹ́ ẹni ọdún 88. Ìjọba Amẹ́ríkà fi dọ́là 205,000 ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tún un ṣe. A tún irin rẹ̀ ṣe, a tún ọ̀dà rẹ̀ kùn. Nwọn kò sì ṣe é bí ọkọ̀ titun, bí kò ṣe bí ọkọ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méje, gẹ́gẹ́bí ó ti rí li ọdún 1955. Ní oṣù kejì ọdún 2003 a ṣí i fún àwọn ènìà. Nínú ilé kan náà ni àga wà tí Ààrẹ Lincoln jókòó lé nígbàtí a yìnbọn lù ú li ọdún 1865.

Ìyáàfin Parks sùn nínú Olúwa li ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ẹni ọdún 92. A gbé òkú rẹ̀ sí ilé aṣòfin ní Washington kí àwọn ènìà lè kọjá wò ó. Ní Montgomery àti ní Detroit, a fi ọ̀já dúdú di ìjókòó iwájú nínú àwọn bọ́ọ̀sì ìlú, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé wọn títí a fi sin ín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012 Ààrẹ Barack Obama wọ bọ́ọ̀sì 2857, ó sì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ńwo ìta. Àwọn ọmọ ilé ìwé, dúdú àti funfun, ni ó ńwọ̀ ọ́ jùlọ. Nwọn a gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, nwọn a sì béèrè ìjókòó wo ni.